Àìsàn Tó Ń Paradà Lára Jámíù

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Tí mo bá ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, irọ́ ni, ó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá ní ṣé àlàáfíà lẹ wà, ta ló máa dá mi lóhùn? Àfáà ti sọ fún wa pé àdúà ni òkú nílò, kì í ṣe ìròyìn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn ló kún inú mi lónìí, mi ò sì mọ ẹlòmíì tí mo lè tú u sílẹ̀ fún láìdẹ́rù bà á.

Jámíù ò yá, Bàbá. Àbíkẹ́yìn yín ò yá rárá. Orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí báyìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ńlá ti ìjọba, mò ń dúró kí nọ́ọ̀sì ní ká wọlé. Ọ̀sán ni. Oòrùn gba ojú wíńdò wọlé, ó ń ta mí lẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn ń gbé fúláàsì àti abọ́ oúnjẹ kọjá, èmi sì ń kọ lẹ́tà sí bàbá mi tó ti kú. Ẹni tó bá yọjú wo ohun tí mò ń kọ á ní orí mi ti dàrú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú lóòótọ́.

Ẹ ò mọ̀ pé Jámíù ti di ọ̀gá. Nígbà tí ẹ lọ, ó ṣì ń bá ọ̀gá rẹ̀ ru páńẹ́lì sólà kiri, ẹ sì máa ń ráhùn pé irú iṣẹ́ wo ni kí ọmọ èèyàn máa ti òrùlé bọ́ sí òrùlé bí ológbò. Ó ti gba òmìnira. Láti Ìṣẹ̀rí-Olófin títí dé Ìgàndó, kò sí àdúgbò tí kò ti gun òrùlé. Ó ń fi pẹ́ńsù há etí bíi tiyín, bẹ́ẹ̀ kì í fi í kọ nǹkan kan. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi oríkèé ìka gbá pákó nídìí iṣẹ́ káfíńtà yín, tí ẹ á dorí kodò, tí ẹ á máa gbọ́ bóyá ikán ti jẹ inú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbá igi àjà oníbàárà kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó ní pákó kì í parọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́.

Ara tirẹ̀ ló parọ́ fún un.

Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Bó bá gun àkàbà, á dúró láàárín kó lè mí. Imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, a ní ọyẹ́ ni. Àpá dúdú yọ sí i ní itan, ó ní àkàbà ló gbá òun. Ibà ń wá, ibà ń lọ. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìgàndó, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní ibà ẹ̀fọn ni, ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kẹ́ òun. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú tí mo ti ń pọ̀n ọ́n kiri, mi ò gbọ́ kó ní òun ò lè ṣe nǹkan kan rí. Ọjọ́ tó wá sọ ọ́ ni oníbàárà rẹ̀ kan pè mí láti Ẹgbẹ́dá. Ó ní Jámíù sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé òun, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ní òun ò lè dìde mọ́. Mo fi kọ́tìnnì tí mò ń rán sílẹ̀ lórí máṣíìnì, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìdí eyín rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an la dé ọsibítù yìí. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, èèyàn jẹ́jẹ́, ọmọ Oǹdó ni, ó máa ń fi Yorùbá bá wa sọ̀rọ̀ kí ó lè dá a lójú pé ó yé wa. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá gún egungun ìbàdí Jámíù, wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó ní kí èmi àti Bàbá Kékeré jókòó. Àbúrò yín náà ti dàgbà, Bàbá, ẹsẹ̀ ń dùn ún, síbẹ̀ òun ló ń bá mi lọ síbi gbogbo.

“Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni,” Dókítà wí. “Èyí tó ń sáré. Kò ní sùúrù rárá.”

Ó là á yé wa. Ó ní inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àti pé nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni ìkọ̀wé kan wà, ohun tí wọ́n ń pè ní jíìnì, tó ń sọ fún un bó ṣe máa dàgbà àti ìgbà tó máa kú. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, á kọ́kọ́ da ìkọ̀wé yẹn kọ. Ibi tó ti ń dà á kọ ni àṣìkọ ti ń wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ á jogún àṣìkọ, wọ́n á tún ṣi tiwọn kọ lé e. Bó ṣe ń gun orí ara wọn nìyẹn títí sẹ́ẹ̀lì á fi gbàgbé ikú, tí á kàn máa bí sí i, tí á gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ gidi.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí la ṣe tó fa èyí. Ó ní a ò ṣe nǹkan kan. Ṣé ẹ gbà á gbọ́, Bàbá? Mo ṣì ń wá ohun tá a ṣe.

Wọ́n yẹ mùdùnmúdùn náà wò láti mọ àṣìkọ tó wà níbẹ̀. Wọ́n rí ọ̀kan pàtàkì, tó dà bí ṣíwíìṣì tó há sórí títàn, tí kò ṣe é pa. Jámíù rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní òun tí òun ń tún ṣíwíìṣì ṣe fún gbogbo ayé rèé. Dókítà ní oògùn kan wà tó lè pa ṣíwíìṣì yẹn, oníhóró, èèyàn á máa gbé e mì nílé, ṣùgbọ́n kò sí ní ilé oògùn kankan ní Èkó. Wọ́n máa kọ́kọ́ fi kẹ́mò, oògùn líle tí wọ́n ń fà sí ojú iṣan, lé àìsàn náà sẹ́yìn, bí a bá sì rí oògùn yẹn, wọ́n á fi tì í pa.

Bàbá Kékeré ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó ta ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀. Ilẹ̀ tí ẹ jọ lọ wọ̀n nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí ẹ dì í mú fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á. Ó tà á, ó ní kí wọ́n bá òun wá oògùn náà wá láti òkè òkun.

Mi ò fẹ́ ròyìn kẹ́mò fún yín. Irun orí rẹ̀ wọ́ dànù. Egbò bo inú ẹnu rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ògì tútù gan-an ń ta á. Bí mo bá ń fi aṣọ tútù nù ún lára, á di ojú, ojú rẹ̀ á sì jọ tiyín ní ọjọ́ tá a fẹ́ sin yín, mo máa ń sáré jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, Bàbá! Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí jẹjẹrẹ mọ́. A gbé e padà sí Ìṣẹ̀rí. Ó ń jẹun. Ó ń bú mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi kéré, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ń jókòó sí iwájú ilé, ó fi fìlà bo orí tó pá, ó ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Mo lọ sí sàréè yín, mo dúpẹ́. Bóyá ẹ gbọ́.

Oògùn yẹn ò tètè dé. Ó há sí ojú ọ̀nà, àwọn aṣọ́bodè ń bi wá ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Kó tó dé, òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Jámíù ń run pákò, ó tutọ́, ó sì dúró ó ń wo ilẹ̀. Mo wá wo ohun tó ń wò. Ó fi ẹsẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú yanrìn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oògùn wọlé. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe ń ṣe nǹkan, ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo rò pé ó bọ́ sí àkókò. Bàbá Kékeré gbé àwọn ìgò náà mọ́ àyà wọ ọsibítù, ó gbé wọn sórí tábìlì Dókítà bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀.

Dókítà kí i dáadáa. Ó wá ní ká jẹ́ kí òun tún gún Jámíù ní egungun kí wọ́n tó fún un.

“Àyẹ̀wò wo tún ni?” Bàbá Kékeré pariwo. “Ọmọ kan náà, àìsàn kan náà, egungun kan náà! Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ ni?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ kan náà ni. Mi ò mọ̀ bóyá àìsàn kan náà ni.”

Mo bá Bàbá Kékeré bínú sí i, mi ò ní parọ́. Mo rò pé wọ́n ń fi àbúrò mi kọ́ṣẹ́. Jámíù ló gbà. Ó yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n gún òun. Ó di ọwọ́ mi mú títí ìka mi fi ń ta.

Èsì dé. Ṣíwíìṣì tó há ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ? Jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ó pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àmì tí a torí ẹ̀ ta ilẹ̀ ti lọ. Òmíràn ti yọ, tí wọn ò rí nígbà àkọ́kọ́. Dókítà ní nínú ogunlọ́gọ̀ sẹ́ẹ̀lì burúkú yẹn, gbogbo wọn kì í rí bákan náà. Gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti wá, wọ́n jọ ní àṣìkọ tó ṣáájú, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kálukú ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn tó ní ṣíwíìṣì ló pọ̀ jù lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́mò sì pa wọ́n. Àwọn díẹ̀ kan fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, tí wọn ò ní ṣíwíìṣì yẹn, tí kẹ́mò ò ràn. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìwà wọn ló yàtọ̀. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, àwọn yẹn ló gbà á.

“Tí mo bá fún un ní oògùn yìí,” ó wí, “kò ní rí ohun tó máa dì mú. Á kàn máa dà á láàmú, ọjọ́ á sì máa lọ.”

Bàbá Kékeré dìde. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó jáde, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Mo kó àwọn ìgò náà, mo sáré fi bàtà náà tẹ̀lé e.

Ohun tó kù ni kẹ́mò tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí àìsàn náà bá lè rọlẹ̀, wọ́n á fa mùdùnmúdùn lára mi, wọ́n á fi sí i lára. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò, tèmi bá tirẹ̀ mu. Mo ní kí wọ́n fà á lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀. Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í gbin nǹkan tuntun sáàárín èpò, a ní láti lé àìsàn náà sẹ́yìn ná.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí mi ò tíì mọ̀ títí di òní bóyá mo ṣe é re.

Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ máa ń pàdé ní ọjọ́ àyẹ̀wò, Bùkọ́lá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, kò tíì tó Jámíù lọ́jọ́ orí. Ìyá rẹ̀ ló ń mú un wá láti Ẹgbẹ́dá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì. Èmi àti màmá náà ti di ọ̀rẹ́ orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á bu omi gbígbóná fún mi nínú fúláàsì wọn, èmi á bá wọn di àyè mú. Wọ́n ń gbàdúrà lórúkọ Jésù, èmi ń ṣe àmín, mo ń fa tẹ̀súbáà mi, àwọn náà ń ṣe àmín. Àìsàn kan náà ni wọ́n pe tiwọn. Ọjọ́ kan ni màmá náà ń sọ fún mi, Jámíù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé èsì Bùkọ́lá ti dé, pé Dókítà ní ṣíwíìṣì kan ló há, oògùn rẹ̀ wà lókè òkun, àwọn ò sì rí ọ̀nà kankan tí wọ́n lè gbà débẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó wà ní ilé wa. Wọ́n kàn ń sọ ìbànújẹ́ wọn ni.

A padà sílé. Bó ṣe jókòó, ó ní, “Àǹtí, ẹ fún wọn.”

“Kí n fún ta ni ní kí ni?”

“Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgò yẹn. A ò tíì ṣí i.”

Mo ní mi ò fún wọn. Mo sọ ọ́ sókè, kí àwọn ará ilé gbọ́. Mo ní àìsàn tó paradà lẹ́ẹ̀kan, kí ló dé tí kò lè paradà padà? Bó bá di ọ̀la tí ṣíwíìṣì yẹn tún há, níbo la ti máa rí òmíràn? Ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀ mìíràn wà ni? Jámíù ní, “Àǹtí, ẹ lọ bi Dókítà jàre.”

Mo lọ bi í. Mo lérò pé á bá mi lẹ́yìn ni.

“Mi ò lè búra pé kò ní padà wá,” ó wí. “Ó lè wá. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ló fẹ́ pa á, òun ni mò ń bá jà. Ti Bùkọ́lá ńkọ́? Àmì yẹn wà lára rẹ̀ lónìí. Tiẹ̀ náà lè paradà. Tá a bá dúró pẹ́, oògùn yẹn lè di ohun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.”

Bàbá, ẹ bá mi rò ó. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo jókòó sínú ọkọ̀ tí mo wọ̀, mo ń bi yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè yín sókè láàárín àwọn èrò. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá Kékeré ní Ayọ̀bọ̀. Kẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ilẹ̀ tó tà, ó ń wo àwọn tó rà á bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí Jámíù wí.

“Mo ta ilẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. “Mi ò tà á fún ará Èkìtì tí mi ò mọ̀ rí.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi náà ò fẹ́. A jókòó. Ẹnì kan ń gbá irin níbẹ̀, a ń gbọ́ ọ. Ojú Bàbá Kékeré pọ́n, ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó bi mí, láì wò mí:

“Ta ló ni àìsàn yẹn?”

“Jámíù ni, sà.”

“Àbí? Nígbà náà, òun ló ni oògùn. Ẹ ṣe bó ṣe wí.”

Ó wá sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà ní ọjọ́ tá a sin yín.

Iwájú Dókítà la ti fà á lé wọn lọ́wọ́. Ó yẹ gbogbo ìgò náà wò, ó rí i pé èdìdì wọn ò já. Ìyá Bùkọ́lá kúnlẹ̀ fún mi, èèyàn tó tó bí mi. Mo fà wọ́n dìde, mi ò sì lè wò wọ́n lójú. Inú ń bí mi sí wọn, Bàbá. Mo mọ̀ pé wọn ò ṣẹ̀ mí. Mo ṣáà ń wo báàgì tí wọ́n kó o sí, bó ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀mí Jámíù ni wọ́n gbé.

Oògùn náà ràn án. Ẹ̀jẹ̀ Bùkọ́lá ti mọ́. Dókítà ní àwọn ṣì ń ṣọ́ ọ, torí kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí irú àìsàn yìí, ṣùgbọ́n ó ti padà sí iléèwé. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wá jókòó tì mí ní ọjọ́ àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní ohunkóhun ṣe níbí lọ́jọ́ náà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń yọ̀ fún wọn tọkàntọkàn. Àwọn ọjọ́ mìíràn, mo máa ń bẹ Ọlọ́hun pé kí wọ́n má wá. Jámíù ni inú rẹ̀ dùn jù. Nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀ geere, ó bi mí pé, “Àǹtí, kí ni Bùkọ́lá ń jẹ báyìí?” Mo ní mo gbọ́ pé iyán ni. Ó ní, “Iyán kẹ̀! Ará Èkìtì!” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Kẹ́mò líle náà ti wọ ara rẹ̀. Ó ti gbá gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, búburú àti rere. Kò sí ọmọ ogun kankan tó lè bá àìsàn jà lára rẹ̀ mọ́, Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà yàrá tirẹ̀ ni wọ́n fi í sí, a sì ní láti bo imú ká tó wọlé. Ibà ti gbé e. Bí ara rẹ̀ bá lè fara da èyí, wọ́n á tún gún egungun rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àìsàn ti lọ, àbí ó kù, àbí ó tún ti di nǹkan mìíràn. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí náà lè ti bí tirẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ohun tí kì í dúró kan náà jà? Olè tó wọ ilé wa lóru ọjọ́ kan nígbà tí ẹ ṣì wà láyé, ṣebí a mọ ojú rẹ̀. Ẹ sì sọ fún wa pé kò sí ohun tó lè nira títí láé bí èèyàn bá ti mọ orúkọ rẹ̀. A mọ orúkọ èyí, Bàbá. Kò ràn wá lọ́wọ́.

Àná ló mú kí n wá ìwé kọ. Mo wọlé, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kì í ṣe èmi ló ń wò. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ dúró, mo ń bọ̀.” Ohùn rẹ̀ ò dún bí ti aláìsàn. Ó dún bí ìgbà tí ẹ máa ń pè é nílé, tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Nọ́ọ̀sì ní ibà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ibà. Mo bojú wo ẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ̀yin ni, Bàbá? Ṣé ẹ wá?

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, mo fi eékún mi bẹ̀ yín. Mo mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Àlejò kì í dé ọ̀dọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ jẹ́ kó padà. Ẹ á ní ilẹ̀ ti ṣú, ẹ á ní kó sùn, ẹ á bọ́ sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì tiyín. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Jámíù. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ní kó jókòó. Ẹ má bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ má jẹ́ kí ìyá wa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ mójú le sí i. Ẹ bú u bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ tì í lẹ́yìn kó ṣubú padà sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bi í pé ṣé kò mọ̀ pé Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà ni. Mùdùnmúdùn tèmi wà ńlẹ̀, ó bá tirẹ̀ mu, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Kò ráyè wá sọ́dọ̀ yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fẹ́ rí i. Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá mi. Ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Nọ́ọ̀sì ti yọjú. Ó ní ká máa bọ̀.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ yín ju bó ṣe lè wí lọ, tó sì ń bẹ̀ yín kí ẹ ti ilẹ̀kùn.